Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀: Láti Ẹnu Àgbẹ̀ Dé Ojú Pátákó

Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ilẹ̀. Olùkọ́ á fa ìlà sí àárín pátákó, á kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sápá kan, á kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sápá kejì. Ọmọ á dà á kọ, á há a sórí, tó bá dọjọ́ ìdánwò, á kà á jáde bó ṣe há a. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú ọ̀nà yìí ni pé ó gbàgbé pé ọmọ náà ti ní ọ̀rọ̀ nílé. Àgbẹ̀, amọ̀kòkò, apẹja àti àwọn tó ń mọlé ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ti ya omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ti sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ kí ilé ìwé tó dé. Inú ìyàtọ̀ tí wọ́n ti rí yẹn ló yẹ kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí olùkọ́ wá fi ohun tó fà á kún un.

Ẹ jẹ́ ká mú yangí. Ó pupa bí irin tó ti dípẹtà, ihò wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀, ó sì wúwo lọ́wọ́. Òun ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ojúbọ Èṣù. Ohun tí ìwé jọ́gíráfì ń pè ní laterite nìyẹn, pàápàá èyí tó ti gan. Ṣùgbọ́n níbo ni orúkọ ìwé yẹn ti wá? Dókítà ọmọ ilẹ̀ Sikọ́tílándì kan, Francis Buchanan, ló rí àwọn ará Malabar ní gúúsù Íńdíà tí wọ́n ń gé ilẹ̀ pupa kan nígbà tó ṣì rọ̀, tí wọ́n ń sá a sí afẹ́fẹ́ títí tó fi le, kí wọ́n tó fi mọlé. Àwọn onílẹ̀ ń pè é ní òkúta bíríkì lédè tiwọn. Ọ̀rọ̀ Látìnì tó dúró fún bíríkì ni Buchanan mú, tó fi sọ ọ́ lórúkọ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1807. Ẹnu àwọn tó ń mọlé ni ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì yìí ti jáde. Bákan náà ni tsunami ṣe wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan, tí karst wá láti orúkọ ilẹ̀ kan ní Slovenia, tí geyser sì wá láti orúkọ ìsun omi gbígbóná kan ní Iceland. Bí tiwọn bá lè di ọ̀rọ̀ ìmọ̀, kí ló dè tí yangí kò fi lè dì í?

Òótọ́ ni pé mímọ orúkọ yangí kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di onímọ̀. Orúkọ náà kò sọ fún ọmọ pé òjò tó ti ń rọ̀ láti àìmọye ọdún ló fọ àwọn èròjà tó rọrùn láti yọ́ kúrò nínú àpáta, tó ṣẹ́ irin àti alumíníọ́ọ̀mù kù sẹ́yìn, àti pé irin yẹn ló sọ ọ́ di pupa. Iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti fi ẹsẹ̀ kọ yangí rí yóò tètè béèrè ìdí tó fi pupa. Ọmọ tó há laterite sórí kò ní ohun tó máa béèrè.

Ní ti omi, ọrọ̀ wa tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yorùbá kì í pe àgbàrá ní odò. Orí ilẹ̀ gbalasa ni àgbàrá ń gbà, ó ń wọ́ erùpẹ̀ lọ, tí òjò bá sì dá, òun náà á gbẹ. Odò ní ojú tó ń ṣàn gbà. Àwọn àgbà tó sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un, mọ ohun tí àgbàrá ń fi ìpìlẹ̀ ilé ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ògúnpa ní Ìbàdàn ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1980 kò lè ṣe é láìlo ọ̀rọ̀ méjèèjì: àgbàrá ya wọnú odò tí ìdọ̀tí ti dí, tí ilé sì ti há mọ́, odò kúrò lójú rẹ̀, ẹ̀mí àti dúkìá sì ṣòfò. Òjò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àgbẹ̀ ní àkọ́rọ̀, ó ní àrọ̀kúrò, ó sì mọ̀ pé òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ láàárín wọn. Àwòrán òjò olórí méjì tí wọ́n ń yà fún ọmọ girama nípa gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìyẹn. Kí wọ́n kọ àkọ́rọ̀ sí orí kìíní àti àrọ̀kúrò sí èkejì, yóò yé ọmọ.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kò dá ṣáká. Wọ́n rí òótọ́ sọ dé àyè kan. Ilẹ̀ ni a fi ń gbin iṣu, ilẹ̀ ni orílẹ̀-èdè, ilẹ̀ náà ló ń ṣú. A ní òkúta ni èyí tí ọwọ́ lè gbé, àpáta ni èyí tó ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀, síbẹ̀ abẹ́ àpáta Olúmọ la ń pè ní Abẹ́òkúta. Èsì mi ni pé kò sí èdè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá ṣáká kí àwọn onímọ̀ tó pààlà fún un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ilé-ayé àti fún erùpẹ̀, ìyẹn kò sì dí wọn lọ́wọ́. Kí àwa náà pààlà: kí erùpẹ̀ dúró fún gbogbo ohun tí gbòǹgbò ń wọ̀, kí àpáta jẹ́ ti abẹ́lẹ̀, kí òkúta jẹ́ ti èyí tó ti já kúrò lára rẹ̀.

Níbi tí nǹkan kò bá sí nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti ń bá àwọn aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ wí. Wọ́n pe fọ́kánò ní òkè ayọnáyèéfín. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ṣi ọmọ lọ́nà. Ní Laki ní Iceland ní 1783, ojú ilẹ̀ tó là gbọọrọ ni àpáta yíyọ́ gbà jáde, kì í ṣe orí òkè kan. Òkè tí iná rẹ̀ sì ti kú láti ọjọ́ pípẹ́ kì í yọ èéfín rárá. Fọ́kánò tí a ṣàlàyé dáadáa sàn fún mi ju orúkọ dídùn tó gbé àṣìṣe pamọ́ sínú.

Iyàn tó le jù ni ti ìdánwò. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́; ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní àwọn ọmọ tí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ló ń fìdí rẹmi nínú WAEC àti JAMB. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbè wọ́n. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifáfitì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ohun tó mú un yọrí ni pé wọ́n kọ ìwé fún wọn, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́. Èyí tí ìjọba ń pè ní ìjákulẹ̀ èdè, àìsí ìwé àti àìsí olùkọ́ ni mo rí nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa kó ìwé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ilẹ̀ tó ń bọ̀ jọ, ẹ má jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè nìkan. Ẹ lọ bá àwọn amọ̀kòkò Dada ní Ìlọrin, kí wọ́n sọ irú amọ̀ tí wọn kì í lò àti ìdí rẹ̀ fún yín. Ẹ lọ bá àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ lórí ọ̀sà. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí ẹ tó kọ ohunkóhun sójú pátákó.