Ojú Kìn-ín-ní, Ojú Kejì: Ààlà Tó Sọ Àwo Orin Di Iṣẹ́ Ọnà

Ní ọdún 2022, iye àwo orin tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ju iye CD lọ, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ mọ́ láti ọdún 1987. Bí a bá bi àwọn olólùfẹ́ àwo léèrè ìdí rẹ̀, wọn á ní ohùn àwo dùn ju ti fóònù lọ. N kò fara mọ́ ọn tán. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń sún mọ́ àárín àwo ni ìlà tó ń tọ̀ ń kúrú ní yíyípo kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ohùn tó tínrín sì ń ṣá. Ọ̀pọ̀ àwo tuntun pàápàá, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti gbé ohùn wọn wá.

Lójú tèmi, ààlà tí àwo pa fún olórin ló mú un níyì. Láyé àwo ẹlẹgẹ́ àtijọ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ojú kan ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ki ọba tàbí ọlọ́lá gbọ́dọ̀ ṣa oríkì, kó mọ èyí tí yóò sọ àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Nígbà tí àwo gígùn tí wọ́n ń pè ní LP dé ní 1948, ojú kan wá ń gba bí ìṣẹ́jú 20. Bí wọ́n bá fẹ́ kó gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà rẹ̀ á há, ohùn á sì rẹlẹ̀.

Inú ìṣẹ́jú 20 yìí ni àwọn olórin jùjú, Ebenezer Obey àti Sunny Adé, rọ òde àríyá mọ́jú sí. Orin ń wọnú orin láìdánudúró: ọpẹ́ fún Ọlọ́run, ìkìlọ̀ fáráyé, ìyìn fún olówó, kí gángan tó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu gìtá. Ẹwà rẹ̀ wà níbi tí orin kan ti ń yọ́ wọ inú èkejì. Nígbà tí Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Island ní 1982, tí aṣàgbéjáde Martin Meissonnier bá a ṣe é, orin méje ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró. Wọ́n dùn, ayé sì gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìyọ́wọnú yẹn dín kù.

Fẹlá, olórin Afrobeat, yí ààlà náà padà sí àrà. Nínú àwo rẹ̀ Confusion, tó jáde ní 1975, orin kan ṣoṣo ló gba ojú méjèèjì. Dùùrù Fẹlá àti ìlù Tony Allen ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ dáadáa kí Fẹlá tó la ẹnu. Olùgbọ́ gbọ́dọ̀ dìde lọ yí àwo padà kí orin tó parí. Lórí fóònù, ìka kan ti fo gbogbo rẹ̀ kọjá.

Páálí àwo náà jẹ́ ara iṣẹ́ ọnà yìí. Lára èyí tí ayàwòrán Lemi Ghariokwu yà fún àwo Fẹlá tó ń jẹ́ Alagbon Close ní 1974, ẹja àbùùbùtán dojú ọkọ̀ ọlọ́pàá dé lójú omi, Fẹlá sì ń jó pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó ti já lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú fóònù, àwòrán náà kéré débi pé ẹja ọ̀hún kò hàn mọ́.

A kò gbọdọ̀ torí èyí bú ayélujára. Òun ló jẹ́ kí ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí Àyìnlá Ọmọwúrà kú ní 1980 lè gbọ́ orin àpàlà rẹ̀ láìní ẹ̀rọ àwo nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó orin wọ̀nyí síbẹ̀ kò gbọdọ̀ gé wọn wẹ́wẹ́. Kó fi ojú àwo kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lódindi, bí olórin ṣe tò ó, nítorí ojú àwo ni orin náà gan-an. Àwa lámèyítọ́ náà, ojú àwo ló yẹ ká máa gbé yẹ̀ wò, kì í ṣe orúkọ orin kọ̀ọ̀kan.