Ibi Tó Yẹ Kó Rọ̀, Ibi Tó Yẹ Kó Le: Lámèyítọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Tó Kọ́kọ́ Kan Bàálù

Bí ọ̀rọ̀ àwọn bàálù àkọ́kọ́ bá délẹ̀, ohun méjì ni àwọn èèyàn sábà máa ń yìn: agbára ẹ́ńjìnnì àti ìgboyà ẹni tó gùn ún. Ìyìn méjèèjì tọ́, ṣùgbọ́n wọn kò kan ojúlówó ọgbọ́n tó wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹ́ńjìnnì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó fò, ìgboyà nìkan sì ti rán ọ̀pọ̀ lọ sọ́run àpàpàǹdodo. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ ibi tó yẹ kí bàálù ti rọ̀, kó ṣe é tẹ̀, kó ṣe é lọ́, tó sì mọ ibi tó yẹ kó ti le, kó má yẹ̀ rárá. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé láàárín 1899 sí 1919, bí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe pín rírọ̀ àti líle sára igi, aṣọ, wáyà àti irin ni òṣùwọ̀n tó dára jù lọ tí a lè fi wọn iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ṣáájú 1899, láti ọ̀dọ̀ Otto Lilienthal ní Jámánì. Igi willow àti aṣọ òwú ló fi ṣe àwọn ìyẹ́ tó máa ń so mọ́ra, tí yóò sì sáré bọ́ láti orí òkè, tí afẹ́fẹ́ yóò sì gbé e. Nǹkan bí ìgbà 2,000 ló fò bẹ́ẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ kò ní ohun ìdarí kankan. Ara Lilienthal nìkan ló fi ń darí rẹ̀. Bí ìyẹ́ bá tẹ̀ sápá kan, yóò ju ẹsẹ̀ àti ìdí sí apá kejì kí ìwúwo rẹ̀ lè dá a padà. Nínú oṣù Kẹjọ 1896, afẹ́fẹ́ dojú bàálù rẹ̀ sókè lójijì, ara èèyàn kan ṣoṣo kò sì tó o dá padà. Ó já bọ́, ó sì kú. Àmọ́ bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun: ìwé rẹ̀, àwọn ìṣirò rẹ̀ àti fọ́tò àwọn ìfò rẹ̀ ni gbogbo ẹni tó tẹ̀ lé e fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1896 kan náà, Octave Chanute, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ afárá ojú irin ní Amẹ́ríkà, mú ọgbọ́n afárá wá sínú iṣẹ́ yìí ní etí adágún Michigan. Ìyẹ́ méjì ló gbé lérí ara wọn, ó fi òpó tín-ín-rín ṣe agbedeméjì wọn, ó sì fi wáyà ta wọ́n láti igun dé igun. Igi ló ń gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀, wáyà ló ń gba fífà. Pẹ̀lú ohun tó fúyẹ́ báyẹn, ìyẹ́ di odindi kan tó le gbagidi. Chanute ti yanjú ọ̀ràn líle. Ọ̀ràn rírọ̀ ló kù.

Wilbur àti Orville Wright ló yanjú ìyẹn, àwọn ọmọ ìyá méjì tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ tà ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio. Ní 1899, Wilbur mú páálí gbọọrọ kan tí wọ́n kó rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ sí, ó di orí àti ìdí rẹ̀ mú, ó sì lọ́ ọ. Igun kan gbéra sókè, èkejì rẹlẹ̀, síbẹ̀ páálí náà kò wó. Ó rí i lójú ẹsẹ̀ pé àpótí ìyẹ́ Chanute lè le láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó sì tún ṣe é lọ́ láti ọ̀tún sí òsì. Bí ìyẹ́ apá kan bá gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ ju èkejì lọ, bàálù yóò yí sí ibi tí awakọ̀ fẹ́. Lójú tèmi, kò sí ohun tó ṣe pàtàkì tó ìṣẹ́jú yẹn nínú gbogbo ìtàn yìí. Àwọn mìíràn ń wá bàálù tí kò ní í mì. Wilbur ń wá bàálù tí yóò gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu.

Èrò nìkan kò tó, nítorí ìyẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí Kitty Hawk ní 1901 kò gbé ìwọ̀n tí ìwé ní yóò gbé. Wọ́n padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Wọ́n fi pákó kan àpótí afẹ́fẹ́ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, wọ́n gbé fáànù sí ìdí rẹ̀, wọ́n sì fi ègé ayùn ògbólógbòó àti wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé sínú rẹ̀. Nǹkan bí 200 ìyẹ́ kéékèèké ni wọ́n dán wò níbẹ̀. Wọ́n sì rí i pé iye tí gbogbo ayé ti fi ń ṣírò agbára afẹ́fẹ́ láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ti pọ̀ jù. Àwọn tí kò lọ sí yunifásítì ni wọ́n tún ìṣirò àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe, àtinú àpótí onípákó ni wọ́n sì ti ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá sún mọ́ bàálù tí iṣẹ́ náà bí ní 1903. Ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 12 àti díẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì wọn nǹkan bíi kílò 274 láìka awakọ̀. Igi spruce ni àwọn ọ̀pá gbọọrọ inú ìyẹ́. Igi ash, tó gba títẹ̀, ni àwọn egungun rẹ̀. Aṣọ òwú lásán tí wọn kò fi nǹkan kan kùn ni wọ́n fi bò ó, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe dá a: fọ́nrán òwú rẹ̀ kò tẹ̀ lé egungun, ńṣe ló gba ìdábùú lọ láti igun dé igun, kí aṣọ fúnra rẹ̀ lè máa ran wáyà lọ́wọ́. Wọ́n fi wáyà ta iwájú ìyẹ́ le dan-indan-in, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìkángun méjèèjì sílẹ̀ kó lè gba lílọ́. Ìkọ́ irin tó fún àwọn òpó láyè láti yí díẹ̀ ni wọ́n fi so wọ́n mọ́ ìyẹ́. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó wà lápá ọ̀tún wúwo ju awakọ̀ tó dùbúlẹ̀ lápá òsì lọ, wọ́n fi íǹṣì 4 gùn kún ìyẹ́ ọ̀tún. Ibi ìdí awakọ̀ ni wọ́n so àwọn wáyà tó ń lọ́ ìyẹ́ mọ́: bó bá sún ìdí sí òsì, ìyẹ́ méjèèjì yóò lọ́, ìtọ́kọ̀ ẹ̀yìn yóò sì bá wọn yí. Ìyà tó jẹ wọ́n ní 1902 ló kọ́ wọn ní ti ìtọ́kọ̀ yẹn, nígbà tí ìrù tí kò ṣe é yí mú kí bàálù wọn máa fì, kó sì máa forí gúnlẹ̀.

Abẹ̀bẹ̀ tó ń tì í lọ pẹ̀lú kò gbẹ́yìn nínú ọgbọ́n. Wọ́n kà á sí ìyẹ́ tó ń yí po, wọ́n ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n lẹ pákó spruce pọ̀, wọ́n sì fi àáké kékeré gbẹ́ ẹ. Ṣéènì bíi ti kẹ̀kẹ́ ló ń yí abẹ̀bẹ̀ méjèèjì; wọ́n gbé ṣéènì kan kọ ara rẹ̀ kí abẹ̀bẹ̀ kejì lè yí òdì sí èkíní, kí ọ̀kan má baà fa bàálù ṣẹ́gbẹ̀ẹ́. Charlie Taylor, òṣìṣẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù wọn, ló ṣe ẹ́ńjìnnì náà láàárín ọ̀sẹ̀ 6, agbára ẹṣin 12 péré.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1903, Orville fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin lọ́jọ́ náà, Wilbur fò fún ìṣẹ́jú àáyá 59, ó sì lọ jìnnà tó mítà 260. Ọjọ́ 9 ṣáájú, bàálù Samuel Langley, ẹni tí òun náà ń wá bí bàálù yóò ṣe fò, ti ṣubú sínú odò Potomac fún ìgbà kejì. Ìjọba Amẹ́ríkà ti fún Langley ní 50,000 dọ́là. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lé ní ìlọ́po mẹ́rin ti Wright. Ṣùgbọ́n ara bàálù náà kò lágbára tó iṣẹ́ tí wọ́n gbé ka orí rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kán bó ṣe ń bọ́ kúrò lórí ọkọ̀ ojú omi. Bí agbára ẹ́ńjìnnì bá tó láti fò, Langley ni ì bá kọ́kọ́ fò.

Síbẹ̀, lámèyítọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ àwọn Wright di òrìṣà. Ìyẹ́ tó ń lọ́ kò lè lágbára ju bó ti mọ lọ. Bí bàálù bá ṣe ń wúwo sí i tó sì ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni lílọ́ náà ń di ewu. Ní 1908, nígbà tí Wilbur fi bí bàálù ṣe ń yí lójú òfúrufú ya àwọn ará Faransé lẹ́nu ní Le Mans, Henry Farman lọ́hùn-ún àti ẹgbẹ́ tí Glenn Curtiss wà nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n jẹ́ kí ìyẹ́ le, wọ́n wá so ewé kékeré tó ní oríkèé mọ́ etí rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ló dára jù. Dípò kí àwọn Wright gbà bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀tọ́ tí wọ́n gbà ní 1906 ni wọ́n fi pe Curtiss lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà fa àárín àwọn oníṣẹ́ Amẹ́ríkà ya títí di 1917, ó sì gba àkókò tó yẹ kí àwọn ọmọ ìyá náà fi tún bàálù wọn ṣe. Ó dùn mí fún wọn, nítorí kò sẹ́ni tó yẹ kó tètè rí ibi tí ìyẹ́ wọn kù sí ju àwọn fúnra wọn lọ.

Louis Blériot hùwà tó yàtọ̀. Bàálù oníyẹ̀ẹ́ kan ló fi kọjá láti Faransé sí Ìlú Ọba ní ọjọ́ 25 oṣù Keje 1909, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 25. Kò ní àpótí Chanute; wáyà òkè àti wáyà ìsàlẹ̀ nìkan ló di ìyẹ́ rẹ̀ mú. Gbogbo ènìyàn gbà pé wáyà ìsàlẹ̀ ló ń ru iṣẹ́, pé ti òkè kàn ń gbé ìyẹ́ ró nígbà tí bàálù bá wà nílẹ̀ ni. Nígbà tí ìyẹ́ àwọn bàálù báyìí ń kán lójú òfúrufú, Blériot fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn ológun Faransé ní 1912 pé bí bàálù bá ń rọ́ wálẹ̀, afẹ́fẹ́ lè ti ìyẹ́ láti òkè, àti pé wáyà òkè tí òun àti ẹgbẹ́ òun ń lò kò lágbára tó. Àwọn ológun dá bàálù oníyẹ̀ẹ́ kan dúró títí wọ́n fi tún un ṣe. Ẹni tó ń ta ọjà, tó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ àbùkù ọjà náà kí èèyàn má baà kú, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ìwà nínú.

Ìwà yìí kò dé gbogbo ibi iṣẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi ń bo ọ̀pọ̀ bàálù Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rán an. Bí wọ́n bá nà án tán, wọn yóò fi oje kan kùn ún, oje yìí ló ń fa aṣọ rírọ̀ le bí awọ ìlù. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà kan tó wà nínú oje náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ó dá àwọn òṣìṣẹ́ gúnlẹ̀, ó sì pa àwọn kan nínú wọn kí wọ́n tó pa á tì. Líle tí à ń yìn lára àwọn ìyẹ́ wọ̀nyẹn, ẹ̀mí àwọn èèyàn wà lára owó rẹ̀, ìtàn tó bá dárúkọ awakọ̀ tí kò sì rántí wọn kò pé.

Ní Faransé, kí ogun tó dé, Louis Béchereau ti gbé líle kúrò lọ́wọ́ wáyà. Ó ká pákó pẹlẹbẹ tín-ín-rín mọ́ ara bátánì kan ní ìpele-ìpele, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, ìpele kan dábùú èkejì; nígbà tó yọ ọ́, ó di ara bàálù gbọọrọ tó ń dán, tó ṣófo, tí kò ní òpó nínú. Bàálù Deperdussin tó ṣe báyìí gba ife-ẹ̀yẹ Gordon Bennett ní Chicago ní 1912, nígbà tó sì di 1913 ó ti sáré kọjá 200 kìlómítà ní wákàtí kan. Ó lẹ́wà púpọ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ara rẹ̀ ti di ti ọ̀la, ìyẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àná: wáyà ṣì ta á, lílọ́ ló ṣì ń lọ́.

Hugo Junkers ló parí ìyókù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Aachen tẹ́lẹ̀, ó sì ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ní Dessau, nítorí náà irin pẹlẹbẹ kì í ṣe àjèjì sí i. Ní 1910 ló ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìyẹ́ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo egungun rẹ̀ lè wà nínú. Bàálù J 1 rẹ̀ fò nínú oṣù Kejìlá 1915, irin látòkè délẹ̀, láìsí wáyà kan níta. Ó wúwo, ó ń lọ́ra gòkè, wọ́n sì fi ṣẹ̀fẹ̀ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ onípáànù ni. Kò jẹ́ kí ìyẹn dá òun dúró. Ó fi duralumin, irin fúfúyẹ́ tí Alfred Wilm ṣàwárí, rọ́pò irin náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà 1919, F 13 fò, bàálù tó ń gbé èrò 4 nínú yàrá tí wọ́n bò. Ara rẹ̀ ní ìlà tó ga tó sì rẹlẹ̀ bí ìgbì, ìlà wọ̀nyí ló sì fún irin tín-ín-rín lágbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dá afẹ́fẹ́ dúró díẹ̀. Lára ìyẹ́ líle yìí, ewé oníoríkèé nìkan ló ń yí.

Ẹ wá rí i pé irin kò ṣẹ́gun igi, bẹ́ẹ̀ ni líle kò lé rírọ̀ lọ. Ìyẹ́ Wright tan rírọ̀ rẹ̀ ká ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìkángun méjèèjì; ti Junkers kó gbogbo rírọ̀ rẹ̀ jọ sí oríkèé kan, ó sì jẹ́ kí ìyókù le. Èrò kan náà ni, ó kàn gbilẹ̀ sí i ni. Bí wọ́n bá ní kí n yan èyí tó ga jù, bàálù 1903 ni mo máa yàn ní ti ìmọ̀, nítorí ó fi hàn pé bàálù gbọ́dọ̀ yí ara rẹ̀ padà lójú òfúrufú kó tó lè dúró níbẹ̀. Ní ti ìlò, F 13 ni mo máa gbé ga, nítorí ó sọ òfúrufú di ọ̀nà tí ẹni tí kì í ṣe akọni lè gbà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ iyì bàálù àtijọ́ èyíkéyìí, kó kọ́kọ́ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Kó tẹ̀ lé wáyà àti igi rẹ̀ láti orí dé ìdí, kó bi í pé níbo ló ti rọ̀, níbo ló ti le, ta ló sì jìyà kó tó rí bẹ́ẹ̀.