Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nínú Sinimá Yorùbá: Láti Orí Aiyé Dé Ẹlẹ́ṣin Ọba

Ìbéèrè kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò máa ń bi àwa olùkọ́ ni pé, bí àwọn bá ti wo sinimá tí a ṣe láti inú ìwé kan, kí ni àwọn tún fẹ́ ka ìwé náà fún? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fún wọn ni pé ìwé ni ìdánwò yóò béèrè. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ó yẹ kí a kọ́ wọn bí a ti ń fi ojú lámèyítọ́ wo sinimá pẹ̀lú. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lò níhìn-ín: ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu Yorùbá ń ṣiṣẹ́ nínú eré náà ni, àbí wọ́n kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí i lára? Bí a bá yọ òwe, oríkì, ọfọ̀ tàbí ìbúra kúrò nínú eré, tí ìtàn náà sì wó, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Aiyé, tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní 1979, tí Ọlá Balógun sì darí. Orí ìtàgé ni Ògúndé ti kọ́kọ́ ṣe eré yìí. Òun fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ wọ̀jà. Ọfọ̀ inú rẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n idán ẹ̀rọ ayàwòrán kò jẹ́ kí ọfọ̀ náà gba iyì tirẹ̀. Lórí ìtàgé, ohùn òṣèré ló ń mú kí a gbà pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Nínú sinimá, ojú ti rí i kí etí tó gbọ́ ọ tán. N kò sọ pé kí a má wo Aiyé o. Ẹni tí kò bá wò ó kò lè mọ ibi tí ọ̀pọ̀ fídíò tó tẹ̀lé e ti kọ́ bí a ti ń dẹ́rù ba òǹwòran.

Ní àkókò kan náà ni Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, gbé Ìjà Òmìnira jáde láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìtàn àròsọ tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ní 1969. Níhìn-ín ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣọ́ra. Nínú ìwé, a ń gbọ́ èrò ọkàn àwọn tó kọ̀ láti sin Olúmokò. Ìjà ni ẹ̀rọ ayàwòrán lè yà, kò lè ya èrò ọkàn. Irú ìṣòro yìí náà ló bá Ó Le Kú tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997 láti inú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá (1974). Àjàní àti àwọn omidan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, ìró àti bùbá kékeré ìgbà náà tún padà di àṣà tí a ń pè ní òlékú, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tó wà lẹ́nu asọ̀tàn kò sí nínú aṣọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù lọ ni Ṣaworoidẹ (1999), tí Ìṣọ̀lá kọ, tí Kèlání darí. Ní ìlú Jogbo, ìmùlẹ̀ wà láàrin ọba àti ará ìlú láti ìwáṣẹ̀. Ọba tuntun gbọ́dọ̀ búra, kí ó sì gba gbẹ́rẹ́. Adé idẹ àti ìlù ṣaworoidẹ ni ẹlẹ́rìí. Bí ẹni tí kò ṣe é bá dé adé, tí àyàn sì lu ìlù náà, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, kọ gbẹ́rẹ́, nítorí pé owó ló bá dé orí oyè. Ó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú, wọ́n sì ń run igbó ìlú. Nígbà tó yá, Làgàta, ọ̀gá ológun, já oyè gbà, ó gbé adé lé orí ara rẹ̀. Ìlù dún, ó kú.

Ẹ kíyè sí i pé ìbọn kọ́ ló pa Làgàta. Ọ̀rọ̀ tí kò sọ ló pa á. Ìbúra tí Lápité yẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni òpó tí gbogbo àhunpọ̀ ìtàn náà rọ̀ mọ́, ìlù tó ń fọhùn sì jẹ́ ẹ̀dá-ìtàn bí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ti jẹ́. Fálétí tún wà níbẹ̀, òun ni Bàbá Ọ̀pálábà, arúgbó tó ń fi òwe àti orin sọ ohun tí àwọn ìjòyè kò gbọdọ̀ sọ. Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, ní oṣù karùn-ún 1999, ni eré yìí jáde. Kò sí òǹwòran tó nílò atọ́nà. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ pé Làgàta dúró fún ológun kan pàtó ti dín eré náà kù. Gbogbo ẹni tó fẹ́ adé tí kò fẹ́ ìbúra ni ó ń bá wí.

Ti Ẹlẹ́ṣin Ọba ló le díẹ̀. Bíyì Bándélé ló darí rẹ̀, ó sì kú ní oṣù kẹjọ 2022 kí eré náà tó jáde lọ́dún náà. Inú eré Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975 ni wọ́n ti mú un, ìtàn náà sì ti orí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní 1944 wá. Ẹlẹ́ṣin, tí Ọdúnladé Adékọ́lá ṣe, gbọ́dọ̀ bá ọba kú. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ẹnu náà ló fi ṣèlérí ikú láàrin ọjà, òun náà ló fi tọrọ ìyàwó tuntun, ìdádúró yẹn sì fún ajẹ́lẹ̀ òyìnbó láyè láti tì í mọ́lé. Olúńdé, ọmọ rẹ̀ tó kọ́ ìṣègùn ní ìlú òyìnbó, kú dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín dájúdájú: òun ló gbé Ẹlẹ́ṣin ga, òun ló sì dè é mọ́lẹ̀.

Àríwísí mi ni ti èdè. Gẹ̀ẹ́sì Ṣóyínká, inú Yorùbá ni ó ti gbẹ́ ẹ. Níbi tí sinimá náà ti dá a padà sí oríkì àti orin, ó dà bí ọmọ tó padà sílé. Níbi tí ìjíròrò ti gùn, a ń gbọ́ ìrìn Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ rẹ̀, òwe a sì máa tẹ̀ lé òwe láìsí ẹni tí a ń pa á fún. Bẹ́ẹ̀ sì ni Dúró Ládiípọ̀ ti fi Yorùbá ṣe eré lórí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kan náà, Ọba Wàjà, láti 1964. Olùkọ́ tó bá rí méjèèjì lò, kí ó mú ibi tí ọmọ ti kú dípò bàbá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó jẹ́ kí kíláàsì gbọ́ wọn tẹ̀ léra, kí ó sì béèrè èwo nínú wọn ni wọ́n ti gbọ́ ẹkún kí wọ́n tó rí omijé.