Aṣọ Ni Mo Kọ́kọ́ Ń Wò

Bí ẹnìkan bá jókòó síwájú mi ní ìlú Ilemona pé kí n fi pẹ́ńsù ya òun, aṣọ ọrùn rẹ̀ ni mo máa ń wò kí n tó wo ojú. Ojú á jẹ́ kí n mọ irú ènìyàn tó jẹ́, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ láàárín ìlú, ara aṣọ ló wà.

Ẹ wo àwòrán Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tí wọ́n fín sínú ìwé ní Ìlú Ọba, lẹ́yìn tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury lọ́dún 1864. Ìlà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fà lu ara wọn títí àwọ̀sókè rẹ̀ fi dúdú. Apá funfun ràgàjì tó yọ lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ìwé lásán ni, wọn ò fọwọ́ kàn án, àfi díẹ̀ níbi tó ti ṣùjọ lọ́rùn ọwọ́. Ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 ló wọ̀ ọ́ yẹn o! Ẹni tí kò lè ka orúkọ abẹ́ àwòrán náà á mọ̀ pé ẹni ńlá ni.

Ingres, ayàwòrán ará Faransé, tó ń ya àwọn àlejò ní Róòmù níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kan náà, a máa fara balẹ̀ kun ojú, á wá sáré fi ìlà díẹ̀ parí kóòtù. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n agbádá ò gba ìsáré.

Nínú aṣọ òkè, ẹtù ló le jù láti yà. Ìlà funfun tín-ín-rín inú aró yẹn gbọ́dọ̀ bá ìṣẹ́po orí èjìká rìn, kó wọnú kòtò, kó sì yọ lódìkejì. Bí o bá fà á gbọọrọ kọjá, pákó lo dà bo olóyè lára. Èmi máa ń fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù kun gbogbo rẹ̀ dúdú ná, kí n tó fi ìrésà tí mo gé lẹ́nu ṣóńṣó yọ ìlà náà jáde.

Àlàárì ló ń dùn mí. Láyé àtijọ́, láti Tírípólì ni sílíkì pupa rẹ̀ ti ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ Ìlọrin. Pupa yẹn gan-an ni ọlá rẹ̀, pẹ́ńsù ò sì lè sọ ọ́.

Fọ́tò kì í jẹ́ kéèyàn mọ bí aṣọ ṣe wúwo tó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wo fóònù ya àwòrán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ àwọn bàbá yín kí wọ́n gbé ẹtù wọn jáde nínú àpótí, kí wọ́n wọ̀ ọ́, kí wọ́n jókòó síwájú yín.