Ìtàn Ìṣẹ̀dá Kì Í Ṣe Ẹ̀kọ́ Òkúta

Àwọn kan nínú wa a máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé òkúta dúdú amphibolite tí ó wà ní agbègbè Ifẹ̀ àti Iléṣà fi ìdí ìtàn ìṣẹ̀dá múlẹ̀, nítorí pé àwọn onímọ̀ kan kà á sí àṣẹ́kù ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́. A kò fara mọ́ èyí. Ó ti tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún tí òkúta náà ti di ara ilẹ̀ gbígbẹ. Kò sí ènìyàn láyé nígbà náà. Erùpẹ̀ tí a dà sórí omi, tí adìyẹ tàn ká, ni ìtàn sọ. Etíkun Àgbádárìgì ni èyí jọ, níbi tí ìgbì ti kó yanrìn jọ láàárín òkun àti ọ̀sà. Ẹ jẹ́ kí á bi akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ tí adìyẹ ń ṣe nínú ìtàn. Òkúta di ti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì.