Àga Tí Ń Pa Òwe: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọwọ́ Yinka Ilori

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, London ni a bí i sí ní ọdún 1987. Yinka Ilori ni orúkọ rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ti ilẹ̀ Nàìjíríà lọ tẹ̀dó síbẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí òwe àwọn baba wọn sọnù sójú òkun. Òwe ni wọ́n fi tọ́ ọmọ wọn. Nígbà tí ó dàgbà, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ àga ṣíṣe ní yunifásítì, àwọn òwe náà di irinṣẹ́ fún un.

Àga tí àwọn ará London dà nù sí ẹ̀bá ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ ń ṣà. Yóò tú wọn palẹ̀, yóò so ẹsẹ̀ èkíní mọ́ ẹ̀yìn èkejì, yóò sì fi ọ̀dà oríṣiríṣi kùn wọ́n. Ní ọdún 2015 ó pàtẹ díẹ̀ nínú wọn, ó sì pe ìpàtẹ náà ní If Chairs Could Talk, èyí ni pé, bí àga bá lè sọ̀rọ̀. Òwe tí ó gbé e lé ni pé bí ó ti wù kí ọrùn àgùnfọn gùn tó, kò lè rí ọ̀la. Àwọn ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ ni àwọn àga náà ń ṣojú fún. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti bá ọ̀rọ̀ mu: ohun tí a sọ nù ni ó ń gbẹnu sọ fún ọmọ tí a tètè dá lẹ́jọ́.

Láti inú ilé ni iṣẹ́ náà ti bọ́ sí ìgboro. Ní ọdún 2019 ó fi pátákó alárànbarà bo ògiri abẹ́ afárá ojú irin kan tí ó ṣókùnkùn ní Thessaly Road, ó sì sọ ọ́ ní Happy Street. Ní ọdún kan náà, òun àti àwọn ayàwòrán ilé Pricegore kọ́ Colour Palace sí Dulwich, aṣọ ọjà Balógun ní Èkó ni wọ́n sì wò ṣe é. Ní ọdún 2021 ó fi bíríkì ìṣeré LEGO tí ó lé ní 200,000 sọ ilé ìfọṣọ kan di ibi eré fún àwọn ọmọdé.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀dà kì í san owó ilé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tún ọ̀nà tí tálákà ń gbà lójoojúmọ́ ṣe ti bọ̀wọ̀ fún tálákà náà, ọ̀wọ̀ kò sì kéré. Àwọn mìíràn yóò bèèrè bí àwọ̀ ankárá bá jẹ́ ti Yorùbá, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn Òyìnbó Dutch ni ó fi ẹ̀rọ ṣe é, tí wọ́n ń fara wé aṣọ àwọn ará Java. A dáhùn pé aṣọ tí a fi ń sọmọ lórúkọ, tí a fi ń gbéyàwó, ti di tiwa. Síbẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ ni ó sọ iṣẹ́ yìí di ti Yorùbá bí kò ṣe ìlò òwe. A kì í pa òwe láìsí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni Ilori kì í ya àwọ̀ láìsí ẹni tí yóò fi tù nínú.

Àbùkù kan ni a rí: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ. Òwe tí a bọ́ èdè rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ dàbí ìlù tí a kò fa ọṣán rẹ̀ le; ó ń dún, ṣùgbọ́n kò fọhùn. Ì bá dùn mọ́ wa bí a bá kọ Yorùbá gàdàgbà sára ògiri London.

Ṣùgbọ́n ta ni àwa láti bá a wí? Ní Lotto níhìn-ín, lẹ́bàá títì Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ òbí kì í bá ọmọ wọn sọ Yorùbá mọ́, kí ọmọ má baà ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ nílé ìwé. Àwa pẹ̀lú ti jẹ̀bi èyí nínú ilé wa. Ọmọ tí a bí sí London gbé òwe dé ìgboro Òyìnbó. Ọmọ tí a bí sí Lotto ń bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Àga tí ó ṣẹ́ pọ̀ lẹ́yìnkùlé wa, káfíńtà kò sì wọ́n wa. Ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ, tí yóò sì pa òwe náà fún un, ni ó kù. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.