Orúkọ fún Wa, Nọ́ńbà fún Ẹ̀rọ

Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé ilé iṣẹ́ wa, èmi ni wọ́n máa ń rán an sí. Màá ṣí ojú dúdú tí kò ní àwòrán kankan, màá tẹ sudo useradd -m, màá kọ orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, màá tẹ Enter. Kò ní fọhùn. Lọ́dọ̀ Linux, bí àṣẹ bá dákẹ́, iṣẹ́ ti yọrí nìyẹn. Ó ti lé ní ọdún 10 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣì ń dùn mọ́ mi.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ó ti kọ́lé fún àlejò mi lábẹ́ /home, ó sì ti kó àwọn fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ láti /etc/skel síbẹ̀, bí ìgbà tí a tẹ́ ẹní, tí a gbé omi kalẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀. Ó ti fi ìlà kan kún /etc/passwd. Ìlà náà pín sí 7, kólọ́ọ̀nù ló là wọ́n láàárín. Láyé àtijọ́, ibẹ̀ gan-an ni páswọ́ọ̀dù tí a ti yí lójú máa ń wà, bẹ́ẹ̀ gbogbo òǹlò ló lè ka fáìlì ọ̀hún. Lónìí, lẹ́tà x ló jókòó sí àyè rẹ̀. Páswọ́ọ̀dù ti kó lọ sí /etc/shadow, níbi tí ọwọ́ òǹlò lásán kò tó. Julianne Frances Haugh ló bẹ̀rẹ̀ àkójọ irinṣẹ́ tí useradd wà nínú rẹ̀ yìí, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kàn mi.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìlà náà ni nọ́ńbà tí òǹlò kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹ̀rọ kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. 0 ni root, alábòójútó àgbà. Lórí ọ̀pọ̀ Linux òde òní, 1000 ni ti àwa ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń lẹ̀ mọ́ fáìlì. Nígbà tí obìnrin kan lọ́dọ̀ wa ṣègbéyàwó, tó ní òun fẹ́ orúkọ tuntun lórí server, usermod -l parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí fáìlì rẹ̀ kan tó ṣìnà.

Usermod yìí kan náà ló kọ́ mi ní ìbẹ̀rù. Mo fẹ́ fi àbúrò kan níbi iṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ docker, mo tẹ usermod -G dípò usermod -aG. Lẹ́tà a yẹn ló ń sọ pé kó fi kún èyí tó wà nílẹ̀. Láìsí i, ẹ̀rọ gbà pé docker nìkan ni ẹgbẹ́ àfikún tó kù fún un, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú sudo, ẹgbẹ́ tó ń fún un láṣẹ alábòójútó. Kò fọhùn lọ́jọ́ náà náà. Òru ọjọ́ kejì, disk kún, òun nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, sudo ò gbà fún mi mọ́ o.” Láti ìgbà náà, n kì í kúrò níbẹ̀ láì tẹ id kí n fi ojú ara mi ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ń lọ ló gba ìṣọ́ra jù. Bí mo bá pa àkáǹtì tó dé kẹ́yìn rẹ́ pẹ̀lú userdel, nọ́ńbà rẹ̀ ṣí sílẹ̀, useradd sì lè gbé e fún ẹni tó kàn. Àlejò á jí, á rí i pé fáìlì ẹni ẹlẹ́ni tó kù káàkiri ti di tòun. Nítorí náà, títì ni mo máa ń tì í. Usermod -L á fi àmì ìyanu síwájú páswọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ SSH ṣì lè wọlé, nítorí náà mo máa ń fi -e 1 kún un, kí ọjọ́ àkáǹtì náà ti kọjá pátápátá.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo ti àkáǹtì rẹ̀, 1001. Àwọn script tó kọ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní òròòru, bí mo bá sì tẹ ls -l, orúkọ rẹ̀ ni mo ń rí lára wọn.